Ọjọ́ Tí Mítíwálì Fá Irunmú

Kí ẹnikẹ́ni ní Mínẹ́tì Básálì, àdúgbò òwú létí èbúté Alẹkisáńdíríà, tó mọ orúkọ Mítíwálì, irunmú rẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ mọ̀. Ẹ wo irunmú! Ó ki, ó dúdú kirikiri, ó bo ètè òkè pátápátá, ó wá ká sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì bí ìwo àgbò. Àwọn akọ̀wé ilé-iṣẹ́ òwú kì í dá orúkọ rẹ̀ mọ̀, "ẹ pe onírunmú yẹn wá" ni wọ́n máa ń wí. Bí ọmọ kan bá ń ké ní àdúgbò tí ìyá rẹ̀ ti bẹ̀ ẹ́ títí, Mítíwálì ni wọ́n á ní kó wá tẹ̀ ba. Ọmọ á fi ọwọ́ méjèèjì gbá irunmú mú, ẹkún á sì dá.

Ẹ má rò pé oge ló ń fi ṣe o. Ará Sáídì ni Mítíwálì, láti òkè odò Náílì lọ́hùn-ún, ní abúlé kan lẹ́bàá Sóhágì. Àwọn ará Sáídì kì í fi irunmú ṣeré. Bí ọkùnrin wọn bá fọwọ́ kan irunmú tó ní òun máa ṣe nǹkan, àfi kó ṣe é. Bí kò bá ṣe é, kó lọ fá a. Ẹni tó bá sì fá a, ẹjọ́ rẹ̀ ti tán láàárín ọkùnrin. Àwọn obìnrin á máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ létí odò, àwọn ọmọdé á máa hó lé e. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni Mítíwálì nígbà tó wọ ọkọ̀ ojú irin lọ wáṣẹ́ ní Alẹkisáńdíríà, irun ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ lókè ètè rẹ̀ ni. Bàbá rẹ̀ sìn ín dé ìdíkọ̀, ó na ìka sí ibẹ̀, ó ní, "Owó lè tán lọ́wọ́ rẹ. Aṣọ lè ya mọ́ ọ lára. Ṣùgbọ́n n ò gbọdọ̀ gbọ́ láéláé pé ẹnì kan fọwọ́ kan ibẹ̀ yẹn."

Béèyàn bá jẹ́ aláàárù òwú fún ọdún mẹ́tàdínlógún, ara onítọ̀hún á sọ. Ẹ̀yìn ni wọ́n fi ń pọn béélì òwú, ìdì ràbàtà, gun ọkọ̀ ojú omi, láti àárọ̀ títí oòrùn á fi rọ̀. Ní ẹ̀yìn ilé òwú, ọ̀pá irin kan wà níbẹ̀ tí wọ́n yọ lára kẹ̀kẹ́ ìkóbéélì tó ti bàjẹ́, tòun ti ẹsẹ̀ irin méjèèjì. Bí iṣẹ́ bá parí, àwọn aláàárù á bọ́ ẹ̀wù, wọ́n á máa dán an wò. Ọ̀pọ̀ á gbé e dé orúnkún, àwọn mélòó kan á gbé e dé àyà. Mítíwálì nìkan ló ń gbé e kọjá orí, tí á dúró bẹ́ẹ̀, tí á sì máa béèrè lọ́wọ́ wọn bóyá tíì ti hó.

Láyé ìgbà náà, ọba ṣì wà lórí ìtẹ́ ní Íjíbítì, irin gbígbé sì ti ya ìlú náà ní wèrè. Kò sí ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ tí ẹ ò ní í bá àwòrán agbérin lára ògiri, tí igẹ̀ rẹ̀ ṣe fẹ̀ǹfẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán ọba gan-an. Bí àwọn ọlọ́lá ṣe ní kílọ́ọ̀bù tiwọn létí òkun, pẹ̀lú dígí ńlá àti irin tó ń dán, bẹ́ẹ̀ làwọn ọmọ mẹ̀kúnnù ń fi òkúta àti garawa ṣe tiwọn. Ọdọọdún ni wọ́n ń díje fún ife ìlú. Ẹni tó bá gbà á, á lọ sí Káírò, bóyá á sì ti ibẹ̀ wọ bàálù lọ gbé irin níwájú gbogbo ayé. Ohun tí Mítíwálì ń fẹ́ kò tó bẹ́ẹ̀. Ife yẹn nìkan ló ń fẹ́. Ó fẹ́ gbé e gba àárín Mínẹ́tì Básálì kọjá lójú ọ̀sán.

Àmọ́ Béì Súdì ni akọ̀wé àgbà ẹgbẹ́ tó ń ṣètò ìdíje. Ọba ló fi í joyè Béì, ó sì ń wọ oyè náà bí ẹ̀wù. Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Násíhì, ló ti gba ife fún ọdún méjì léraléra. Ní ọdún kìn-ín-ní tí Mítíwálì lọ forúkọ sílẹ̀, Béì ní kò sí ẹni tó ń dá wá, àfi ẹni tó bá ní ẹgbẹ́. Àwọn aláàárù padà sílé, wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, wọ́n fi Ọ̀gá Hamdánì, olórí aláàárù, ṣe alága. Ní ọdún kejì, Béì ní ìwé wọn fi ọjọ́ kan pẹ́. Ọjọ́ kan péré! Ní ọdún kẹta, Ọ̀gá Hamdánì fúnra rẹ̀ lọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn, ìwé wà lọ́wọ́ rẹ̀, ogójì aláàárù sì wà lẹ́yìn rẹ̀.

Béì Súdì ka ìwé náà síwá, ó kà á sẹ́yìn, kò rí àléébù kankan. Inú bí i. Ó jáde sí gbangba níwájú ilé tíì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, níbi tí èèyàn pọ̀ sí. Irunmú tiẹ̀ tín-ín-rín ni, wọ́n fi ọ̀rá pa á, ó mú ṣóńṣó. Ó fi ìka méjì lọ́ ọ.

"Ẹ jẹ́ kó wá," ló wí. "Ẹ gbọ́ o, gbogbo yín. Ọjọ́ tí aláàárù bá gba ife yẹn, mo fá irunmú mi níbẹ̀ níbẹ̀, níwájú gbogbo ayé!"

Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Àwọn aláàárù ò rẹ́rìn-ín rárá. Ọ̀gá Hamdánì wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ní, "Ṣé ẹ gbọ́? Ó fi irunmú búra. Ẹyin lọ̀rọ̀ o."

Ẹ máa bá mi bọ̀. Ìsọ̀rí àwọn tí ìwọ̀n wọn kò ju kílò márùndínlọ́gọ́rin lọ ni Mítíwálì wà. Bí ara rẹ bá lé sí i, kódà kó jẹ́ ìwọ̀nba ẹ̀fúùfù, wọn ò ní í jẹ́ kí o fọwọ́ kan irin. Ìyàwó rẹ̀, Ṣàfíà, ti ń ṣọ́ oúnjẹ rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ méjì bí ẹni ń ṣọ́ olè. Bó bá na ọwọ́ sí búrẹ́dì kejì, á gbá ọwọ́ náà. "Baba Sáídà, ṣé o fẹ́ ife ni àbí o fẹ́ ikùn?" Láàárọ̀ ọjọ́ ìdíje, wọ́n mú un lọ sórí òṣùwọ̀n òwú kí ọkàn gbogbo wọn lè balẹ̀. Baba Báyúmì ló ń wọn òwú níbẹ̀. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló ti ń wọ̀n ọ́n, kò ṣàṣìṣe rí, àwọn oníṣòwò Gíríìkì pàápàá ń fi orúkọ rẹ̀ búra. Mítíwálì gun òṣùwọ̀n tòun ti jalabíà lọ́rùn. Baba Báyúmì ti irin síwá sẹ́yìn, ètè rẹ̀ ń mì pẹ́pẹ́, ó ṣírò, ó ní:

"Mẹ́rìnléláàádọ́rin àti ààbọ̀! Ọmọ mi, o tiẹ̀ lè mu tíì."

Ni ariwo bá sọ. Mítíwálì mu tíì ife méjì pẹ̀lú ṣúgà, ó jẹ búrẹ́dì àti ẹ̀wà fúùlù abọ́ kan. Ṣàfíà ò sí níbẹ̀ láti gbá ọwọ́ rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n dé gbọ̀ngàn ìdíje lẹ́yìn ìrun Alásárì, wọ́n ní kí Mítíwálì bọ́ra, kó gun òṣùwọ̀n. Adájọ́ àgbà tó wá láti Káírò, ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tó wọ dígí ojú, ló ń wò ó. Ọ̀pá òṣùwọ̀n fò sókè, ó gbá irin òkè: gbàn! Adájọ́ wò ó lẹ́ẹ̀kejì. "Ó fi kílò kan àti díẹ̀ lé," ló wí. "Wákàtí kan ni òfin fún ọ. Bí o bá padà wá láàárín wákàtí kan tí o ti fúyẹ́, ó dáa. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, máa lọ sílé."

"Irọ́ ni!" Ọ̀gá Hamdánì pariwo. "Òṣùwọ̀n yín ló ń purọ́! Baba Báyúmì wọ̀n ọ́n láàárọ̀ yìí!"

 Baba Báyúmì ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. Nígbà tó yá, ó gbé ọwọ́ náà lé orí. "Mo gbé!" ló wí. "Ẹ̀yin èèyàn, mo gbé! Mo ti yọ ti ìdọ̀họ!"

"Kí lẹ yọ?"

"Ti ìdọ̀họ! Ti àpò ìdọ̀họ àti okùn irin tí wọ́n fi ń di béélì! Bí mo bá ti wọ̀n ọ́n tán, mo máa ń yọ ìwọ̀n àpò kúrò kí n tó pe iye rẹ̀. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, ọwọ́ mi ń yọ ọ́ fúnra rẹ̀. Mo wọ̀n ọ́n bí béélì, Hamdánì. Mo yọ àpò lára ọmọ ènìyàn!"

Bí kì í bá ṣe pé ọ̀rọ̀ náà dunni, ẹ̀rín ni wọn ì bá fi pa ara wọn. Béì Súdì ní tiẹ̀ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Mítíwálì ò dúró gbọ́ ẹ̀rín. Ó ti sáré jáde. Ilé ìwẹ̀ gbígbóná kan wà ní òpópónà kejì, ìdí iná rẹ̀ ni wọ́n ti ń se ìkòkò ẹ̀wà fúùlù gbogbo àdúgbò. Mítíwálì wọ ibẹ̀ lọ, wọ́n fi bùláńkẹ́ẹ̀tì onírun mẹ́ta wé e, ó ń sáré lójú kan láàárín àwọn ìkòkò, òógùn ń dà lára rẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n ń fún aṣọ. Ẹni tó ń kóná ibẹ̀ ń bú u pé kó má jẹ́ kí òógùn kán sínú ẹ̀wà àwọn oníbàárà.  Mítíwálì ń tutọ́ kó lè fúyẹ́ sí i, títí itọ́ fi gbẹ lẹ́nu rẹ̀. Jírígísì onígbàjámọ̀, Kìrìsìtẹ́nì ni, ọ̀rẹ́ gbogbo aláàárù, sáré gbé abẹ àti ọṣẹ rẹ̀ dé, ó fá irun àyà rẹ̀, ó fá ti abíyá, ó fá ti apá àti ti ẹsẹ̀. Ti orí kò sí ní fífá, nítorí ará Sáídì kì í dá irun sórí lábẹ́ fìlà.

Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá nígbà tí wọ́n padà dé. Gbọ̀ngàn ti kún. Mítíwálì gun òṣùwọ̀n. Ọ̀pá lọ sókè díẹ̀, ó bọ̀ sílẹ̀ díẹ̀, ó tún rọra lọ sókè, ó fẹnu ko irin òkè, kò padà mọ́.

"Ó kù díẹ̀," adájọ́ wí, ó káàánú rẹ̀. "Kò tó ìwọ̀n lẹ́tà kan. Ṣùgbọ́n òfin ni òfin."

Béì Súdì bá dìde lórí àga rẹ̀. "Ẹ̀yin adájọ́, ẹ má jẹ́ kí ọmọ ènìyàn ṣàárẹ̀ dànù. Ohun tó wúwo lára ẹ̀, ṣebí gbogbo wa là ń wò ó lókè ẹnu ẹ̀! Kó lọ gé e, kó padà wá. Àbí kò lè gé e ni? Ṣebí ará Sáídì ni?"

Ẹ̀rín sọ ní gbogbo apá ibi tí àwọn ọlọ́lá jókòó sí. Béì ti mọ ohun tó ń ṣe. Ó mọ̀ pé béèyàn bá ní kí ará Sáídì yan ọrùn àbí irunmú, ọrùn ló máa nà síwájú. Àwàdà tó fẹ́ fi lé e lọ sílé ni.

Mítíwálì dúró lórí òṣùwọ̀n, ìhòòhò lásán, ó wo gbogbo wọn.  Ọdún mẹ́ta! Ó rántí ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì. Ó rántí ọjọ́ kan péré tí wọ́n ní ó fi pẹ́. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó na ọwọ́ sí Jírígísì.

"Gbé abẹ wá."

Ọ̀gá Hamdánì dì í mú ní apá. Irunmú tirẹ̀ ló tóbi ṣìkejì ní Mínẹ́tì Básálì, ó sì ti ń funfun. "Mítíwálì, má ṣe wèrè. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Jẹ́ ká máa lọ sílé. Ọdún tó ń bọ̀ ń bọ̀."

"Ọ̀gá, mo ti ń gbọ́ ọdún tó ń bọ̀ látọdún mẹ́ta. Kí ni wọ́n á tún sọ lọ́dún tó ń bọ̀? Wọ́n á ní èékánná mi gùn."

"Ikú yá ju ẹ̀sín lọ!"

"Ẹ̀sín wo ló tún kù, Ọ̀gá? Mo wà ní ìhòòhò níwájú wọn, wọ́n ń fi mí ṣẹ̀rín. Bí mo bá wá gbé irunmú yìí lọ sílé láìgbérin, kí ni màá fi ṣe? Ṣé kí n máa fi gbálẹ̀ ni?"

 Ọ̀gá Hamdánì jọ̀wọ́ apá rẹ̀. "Ó dáa," ló wí, ohùn rẹ̀ ti yí padà. "Bí o bá fá a, má wá sábẹ́ mi mọ́ lọ́la. Mi ò lè máa kó ẹni tí kò nírunmú kiri láàárín ọkùnrin."

Mítíwálì mọ̀ pé kì í ṣe ìhàlẹ̀. Bí Ọ̀gá Hamdánì bá ní kéèyàn má wá, kò sí béélì tí onítọ̀hún máa gbé mọ́ ní gbogbo èbúté. Ó mí kanlẹ̀. "Mo gbọ́, Ọ̀gá. Jírígísì, fá a."

Jírígísì gbé abẹ sá sẹ́yìn. "Èmi kọ́," ló wí. "Ẹ jọ̀ọ́, èmi kọ́. Ọlọ́run á bi mí." Mítíwálì bá gba abẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sí dígí. Ó fi ọwọ́ òsì di ìdajì irunmú mú, ó fi abẹ gé e, ó di ìdajì kejì mú, ó gé e. Ẹ̀jẹ̀ yọ díẹ̀. Baba Báyúmì ṣí áńkáṣíìfù rẹ̀, ó fi gba irun náà kó má bọ́ sílẹ̀, ó ń sunkún bí ọmọdé, ó ń wí pé, "Ọwọ́ mi ló fà á, ọwọ́ mi ló fà á." Kò sí ẹni tó ń rẹ́rìn-ín mọ́, títí kan àwọn ọlọ́lá.

Ó gun òṣùwọ̀n. Ọ̀pá gòkè, ó sọ̀ kalẹ̀, ó dúró gbọnrangandan láàárín.

"Ó ti wọlé," adájọ́ wí.

Ẹ wá wo ọkùnrin tó jáde sórí pèpéle! Àwọn ogójì tó wá pariwo fún un kò mọ ibi tí wọ́n máa gbójú sí. Ojú rẹ̀ kéré, ètè òkè rẹ̀ funfun bí inú ọ̀pọ̀tọ́. Ọ̀gá Hamdánì jókòó sí iwájú, àmọ́ ó yí àga rẹ̀ padà, ó kọ ẹ̀yìn sí pèpéle. Ara àwọn ọlọ́lá tún ti yá, ẹnì kan nínú wọn pariwo pé, "Ìyàwó, ẹ káàbọ̀ o!" Mítíwálì gbọ́ ọ. Ó fi ìyẹ̀fun pa ọwọ́, ó dúró sídìí irin.

Ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n ń gbé e. Àkọ́kọ́, wọ́n á gbé e sí àyà, wọ́n á wá fi apá nìkan tì í lọ sókè. Ibẹ̀ ni Násíhì ti fi kílò márùn-ún ju Mítíwálì lọ, nítorí òógùn ti gba agbára apá rẹ̀ lọ. Ẹ̀ẹ̀kejì, wọ́n á fà á láti ilẹ̀ dé òkè orí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Wọ́n ṣe déédéé. Ó wá ku ẹ̀kẹta, èyí tí wọ́n ń gbé sí àyà kí wọ́n tó fi ẹsẹ̀ àti ẹ̀yìn jù ú sókè. Násíhì gbé kílò márùndínlógóje, ó gbé e mọ́ tónítóní. Mo ní láti sọ ti Násíhì dáadáa: ọmọ náà mọ irin í gbé, kò sì bá wọn rẹ́rìn-ín rí. Nígbà tó ń sọ̀ kalẹ̀, ó gba ẹ̀gbẹ́ Mítíwálì kọjá, ó sọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má gbọ́ tiwọn."

Bí Mítíwálì bá gbé ogóje, wọ́n á ṣe déédéé. Ṣùgbọ́n òfin ni pé bí ẹni méjì bá ṣe déédéé, ẹni tí ara rẹ̀ fúyẹ́ jù ló ni ife, Násíhì sì fúyẹ́ jù ú lọ. Mítíwálì lọ bá àwọn tó ń to irin. "Ẹ fi méjìlélógóje àti ààbọ̀ síbẹ̀," ló wí. Kò gbé irú rẹ̀ rí níbi ìdíje. Ṣebí kò tíì dé ibi ìdíje kankan rí ni!

Ó gbé e lẹ́ẹ̀kìn-ín-ní, irin dé àyà rẹ̀, ó já bọ́. Ó gbé e lẹ́ẹ̀kejì, ó jù ú sókè, ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ tẹ̀, àwọn adájọ́ gbé àsíá pupa. Ó ku ẹ̀ẹ̀kan. Ó dúró pẹ́ sídìí irin, ojú rẹ̀ dì pa. Kò gbàdúrà fún ife mọ́. Ohun tó ń sọ nínú ara rẹ̀ ni pé, "Èmi Mítíwálì, mo ti san án ná. Ẹ fún mi ní ohun tí mo rà." Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fà á. Ó gbé e sí àyà bí béélì tó ti ń gbé látọdún mẹ́tàdínlógún. Ó dìde pẹ̀lú rẹ̀, orúnkún rẹ̀ ń ké. Ó jù ú sókè, ó la ẹsẹ̀, apá rẹ̀ méjèèjì nà gbọnrangandan, ó kó ẹsẹ̀ jọ, ó dúró. Irin dúró sórí rẹ̀. Àsíá funfun mẹ́ta lọ sókè lẹ́ẹ̀kan náà.

Ó yẹ kó sọ ọ́ sílẹ̀. Kò sọ ọ́. Ó ń wo ẹ̀yìn Ọ̀gá Hamdánì. "Ọ̀gá!" ló ké tòun ti irin lórí. "Ṣé tíì ti hó?"

Àwọn aláàárù bú sẹ́kún àti ẹ̀rín pọ̀. Ọ̀gá Hamdánì ò yíjú padà. Ṣùgbọ́n èjìká rẹ̀ ń mì.

Wọ́n gbé ife lé Mítíwálì lọ́wọ́. Ó dúpẹ́, ó gbé ife náà sórí tábìlì, ó gba abẹ lọ́wọ́ Jírígísì lẹ́ẹ̀kejì, ó rìn lọ bá Béì Súdì níbi tó jókòó sí. Gbogbo gbọ̀ngàn ń wò wọ́n.

"Béì, ẹ kú ìjókòó, sà. Onígbàjámọ̀ ti wà ńlẹ̀. Ọṣẹ náà wà."

Béì Súdì rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà ò dé ojú rẹ̀. "Ọkùnrin yìí, àwàdà ni mo ṣe nígbà yẹn. Àbí o ò mọ àwàdà ni?"

"Mo mọ̀ ọ́n dáadáa, sà. Ẹ ṣe ọ̀kan nírọ̀lẹ́ yìí, mo sì fi irunmú mi sí i."

"Ẹ lé e jáde!" Béì pariwo. Kò sí ẹni tó mira. Adájọ́ láti Káírò ń nu dígí ojú rẹ̀, ó ń nù ún lọ ràì. Násíhì ló dìde. Ó ní, "Bàbá, ẹ ti búra. Gbogbo ìlú ló gbọ́." Ojú Béì Súdì pọ́n, ó mú fìlà rẹ̀, ó fi áńkáṣíìfù bo ẹnu, ó gba ilẹ̀kùn ẹ̀yìn jáde. Irunmú rẹ̀ ń bẹ lẹ́nu rẹ̀ digbí.

Mítíwálì gbé ife relé, ṣùgbọ́n kò gbé e gba àárín Mínẹ́tì Básálì kọjá bó ti lérò. Ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé ló gbà. Ṣàfíà ṣí ilẹ̀kùn, ó fẹ́ tì í padà, ó rò pé àlejò ni. Ọdún mọ́kànlá tí wọ́n ti fẹ́ra, kò rí ètè òkè ọkọ rẹ̀ rí. Ó gbé àtùpà súnmọ́ ọn, ó wò ó títí.

"Ṣé ẹnu rẹ nìyí?"

"Òun ni, Ìyá Sáídà."

"Ó dáa. Kò burú lẹ́nu." Ó wá rí ife. Ó jókòó sílẹ̀, ó gbé e lé itan. "Iṣẹ́ wá ńkọ́ o?" ló béèrè. Mítíwálì ní iṣẹ́ ti lọ. Ó ní lójú ara òun, òun ò kábàámọ̀, àmọ́ ẹ̀rù ń ba òun.

Ilẹ̀ mọ́. Ó lọ sí ibi tí àwọn aláàárù ti ń péjọ, kó lè kó okùn rẹ̀ àti ìtìlẹ́yìn tó fi ń pọn béélì kúrò níbẹ̀. Èrò ti pọ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù Jírígísì. Wọ́n lanu, wọ́n ń wo ẹni tó wà lórí àga, tí ọṣẹ ti bo ojú rẹ̀. Ọ̀gá Hamdánì ni. Irunmú tí ogun ọdún ò yẹ̀, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ló wà. Jírígísì fi aṣọ tútù nù ún. Ètè òkè Ọ̀gá Hamdánì jáde, ó hunjọ, ó sì pupa. Ó rí Mítíwálì.

"Má wulẹ̀ wò mí bẹ́ẹ̀," ló wí. "Àbí o rò pé torí tìẹ ni? Lánàá mo rí irunmú lẹ́nu ẹni tó fi í búra, tí kò sì ní ọ̀rọ̀ kan lẹ́nu. Mo délé, mo wo dígí, mo rí i pé nǹkan kan náà ló wà lẹ́nu tèmi. Mi ò lè bá a lo ohun kan náà." Ó dìde, ó gbọn aṣọ rẹ̀. "Ta ló kàn? Ẹ tètè jókòó, òwú ń dúró dè wá. Mítíwálì, níbo lò ń gbé okùn lọ? Ṣé o rò pé ife máa ń gbé béélì ni?"

Títí oòrùn ọ̀sán, ogójì aláàárù ti fá tán. Baba Báyúmì náà fá tirẹ̀, ó ní kò sí àpò lára òun mọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mọ́tò Béì Súdì ń kọjá lọ sí ọjà òwú bó ti máa ń ṣe. Àwọn aláàárù sọ béélì kalẹ̀, wọ́n tò sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, kò sí ẹni tó fọhùn. Wọ́n kàn gbé ìka kan lé ètè òkè wọn, wọ́n sì ń wò ó. Ó di ọjọ́ kẹta, ó di ọjọ́ kẹrin. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, mọ́tò náà wá ọ̀nà mìíràn gbà. Ọjọ́ yẹn ni Mítíwálì gbé ife la àárín Mínẹ́tì Básálì kọjá lójú ọ̀sán.

Ọ̀rọ̀ náà dé Sóhágì kí oṣù tó parí, nítorí kò sí ohun tí kì í dé ibẹ̀. Ará abúlé wọn kan ló ròyìn fún bàbá Mítíwálì, níwájú àwọn àgbà, ó sì ń wo bàbá náà lójú bóyá ó máa ṣubú. 

"Ta ló fọwọ́ kàn án?" bàbá béèrè.

"Òun fúnra rẹ̀ ni, bàbá. Onígbàjámọ̀ kọ̀ ọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló gé e."

"Òun fúnra rẹ̀?"

"Òun fúnra rẹ̀."

"Ẹ gbé tíì wá fún àlejò," bàbá wí. "Kò sí ẹni tó fọwọ́ kàn án."